«Nanka» kì í ṣe èébú: ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Fídíò kan sọ pé èébú ni «nanka» nínú èdè Japan, pé kí àlejò má tilẹ̀ fẹnu bà á. Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń lò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ó ti sú mi láti máa dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ̀bi yín sì kọ́. Àwọn oní-fídíò ló ń da ayé rú.

Mi ò sọ ti «nanka» tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń ronú lọ́wọ́. Èyí tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ ni mò ń sọ.

Bí ẹni tó gbà yín lálejò bá ní «kōhī nanka dō desu ka», kò bú kọfí, kò bú ẹ̀yin náà. Ó ń bi yín bóyá ẹ ó mu kọfí tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ tíì lẹ fẹ́, ó ti fún yín láyè láti sọ. Bí wọ́n bá ń wá alága ìpàdé, tí ẹnì kan ní «Tanaka-san nanka ii n ja nai?», ó ń gbé Tanaka lárugẹ ni: irú Tanaka ló yẹ ipò yẹn. Èébú dà níbẹ̀?

Ibi tó ti ń ta ni lára ni ibi tí gbólóhùn bá ti já sí «kò» tàbí «mi ò», tàbí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ «rárá». «Terebi nanka minai»: èmi, tẹlifíṣọ̀n kẹ̀? Mi ò kì í wò ó. «Omae nanka ni makeru ka»: ṣé irú ẹ ló máa borí mi? Ìyẹn lè di ìjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yìn yín, tí ẹ ní «watashi nanka mada mada desu», pé kí lẹ tíì mọ̀, ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe é láṣejù ṣá. Ó máa ń rẹ èèyàn láti máa ṣìpẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ́ńbẹ́lú ara ẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá yín ṣe, ìyàwó oníyàwó, oúnjẹ tí wọ́n sè fún yín: ẹ má fi «nanka» kàn wọ́n. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, «nado», tí òun náà túmọ̀ sí «irú nǹkan bẹ́ẹ̀», ni kẹ́ ẹ kọ. Èmi ò gbọ́ ohùn yín láti ibí, nítorí náà mi ò lè ṣe onídùúró fún gbogbo gbólóhùn tẹ́ ẹ bá sọ. Bó bá rú yín lójú, ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í bó ṣe dún létí rẹ̀.