Àǹtí, ṣé kí n fi póòlì sílẹ̀ lọ kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Òṣogbo, mo ka lẹ́tà ẹ dópin. O ní o wà ní ND 2, ìwọ lo máa ń lé orin ní kwáyà, o fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ lọ sí ọ́díṣọ̀n ìdíje orin orí tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó torí tó o bá ti lè gba ipò kìíní, ó ti bọ́ sí i fún ẹ nìyẹn, màmá ẹ sì ní àwọn ò ní gbà láéláé.

Lọ sí ọ́díṣọ̀n o. Àmọ́ má fi ìwé sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Ìdíje yẹn ń ranni lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Timi Dakolo gba Idols West Africa ní 2007, Iyanya gba Project Fame ní 2008, Chidinma gbà á ní 2010, ta ni ò mọ̀ wọ́n? Ṣùgbọ́n wo Yemi Alade, 2009 ló gba Peak Talent Show, orin "Johnny" tó gbé e yí Áfíríkà ká, 2013 ló tó jáde, iṣẹ́ ló ń ṣe látọjọ́ yẹn. Project Fame 2013 ńkọ́? Niniola wà níbẹ̀, Johnny Drille wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gba ipò kìíní nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e Niniola gbé "Ibadi" jáde, làwọn èèyàn bá ń jó o kiri.

Ṣó o rí i, gbogbo ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi wà lórí ìtàgé yẹn, orin olórin lẹ máa pọ̀ jù kọ. Àwọn èèyàn á dìbò fún ẹ, wọ́n á mọ ojú ẹ, wọ́n á mọ ohùn ẹ, tó bá wá parí wọ́n á ní ká gbọ́ tìẹ, tí ò bá sí ńlẹ̀, kó tó pẹ́ kó tó jìnnà wọ́n ti ń dìbò fún ọmọ míì.

Lẹ́tà ẹ gùn dáadáa, síbẹ̀ mi ò ríbi tó o ti dárúkọ orin kan ṣoṣo tó o kọ fúnra ẹ. Ìyẹn ló ká mi lára jù. Tó o bá ní in, gbé e fún ẹni tó ń tẹ dùùrù fún yín ní kwáyà, ẹ jọ tún un ṣe títí á fi dán, kó tó méjì mẹ́ta kó o tó wọ mọ́tò Èkó. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé àdéhùn síwájú ẹ, má kánjú buwọ́ lù ú, jẹ́ kí lọ́yà bá ẹ kà á, kó o mọ iye ọdún tí wọ́n máa fi láṣẹ lórí ẹ àti orin ẹ.

Màmá ẹ, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló ń já wọn láyà. Ṣèlérí fún wọn pé wàá gba ND yẹn, kó o wá jókòó tì wọ́n, kó o kọ orin tìẹ fún wọn gbọ́.