«Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́» kì í ṣe àféèrí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Mo fi ọ̀rọ̀ kan nípa alága káńsù wa ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò. Wọ́n ní irọ́ ni, pé àwọn máa fi òfin sóṣíà mídíà ọdún 2019 mú mi. Mo kúkú kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Ṣé wọ́n ṣì lè mú mi?

Ìdáhùn: Kò sí òfin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbá ni Sẹ́nétọ̀ Sani Musa gbé wá sílé aṣòfin lọ́dún 2019, ariwo ta, kò sì di òfin. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Gbólóhùn tí ẹ gbójú lé yẹn ló ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún yín pé àféèrí ni, tí adájọ́ kò fi ní rí yín mọ́? Oníbàárà mi kan, ìyá oníṣòwò, kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀ náà. Ọlọ́pàá tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí ìwé, wọ́n fi báírò pupa fàlà sídìí gbólóhùn yẹn, wọ́n wá bi í pé: «Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́?»

Ibẹ̀ lẹjọ́ wà. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ohun tí ẹ lè wí, ẹ̀ báà kọ gbólóhùn yẹn, ẹ̀ báà má kọ ọ́. Bí ẹ bá mọ̀, gbólóhùn yẹn kò gbà yín. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Tẹ́lẹ̀, irọ́ tó kàn bí èèyàn nínú lásán ti tó ọ̀ràn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ lọ́dún 2022 pé abala 24 yẹn tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ilé aṣòfin Nàìjíríà sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Ní báyìí, ó di irọ́ tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi fẹ́ da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Inú tó ń bí alága kò sí níbẹ̀ mọ́ (ìbanilórúkọjẹ́ jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀ o). Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ń wọn dída ìlú rú? Ọlọ́pàá ló ń kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kó tó kan adájọ́. Abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ní ká sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti sun àtìmọ́lé nítorí ọ̀rọ̀, òótọ́ gan-an á máa bà á lẹ́rù láti sọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

N kò rí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, n kò lè ní ẹ jàre. Ẹ má pa á rẹ́ lórí fóònù. Ẹ má kọ sítétímẹ́ǹtì kankan tí lọ́yà yín kò bá sí níjòókòó. Bí kò bá sówó, ẹ lọ bá Legal Aid Council.