Olú Tó Ń Gba Òjé Nínú Omi Aró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aláàdìrẹ ni mí ní Òṣogbo. Àyẹ̀wò fi hàn pé òjé àti bàbà wà nínú omi aró tí à ń dà nù, gọ́tà wa sì ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ní olú lè gbà wọ́n. Àwọn tó ń gbin olú ládùúgbò wa máa ń da àpò tí wọ́n ti ká olú inú rẹ̀ tán nù. Ṣé ó wúlò?

ÌDÁHÙN: Ó wúlò gan-an. Òwú funfun tó ràn ká lẹ́búlẹ́bú pákó inú àpò yẹn, ìyẹn ara olú fúnra rẹ̀, lẹ nílò. Awọ rẹ̀ ní èròjà kan tó wà lára èèpo edé àti akàn náà. Ó wà lára ohun tó ń di òjé àti bàbà mú. Òkú òwú ló sì yá jù, torí kò ní bèèrè oúnjẹ, májèlé inú omi ò sì lè pa á.

Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí àwọn agbẹ̀ olú sábà máa ń po ẹfun mọ́ ọn. Ẹ tún sá a. Fún omi aró lítà 20, ẹ fi gíráàmù 100 bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó. Kọ́sítíìkì sódà ń gbé omi aró kọjá 10. Nǹkan bíi 5 la fẹ́. Tó bá wálẹ̀ ju 3 lọ, kíkan omi á gba ibi tí òjé ì bá jókòó sí. Ẹ máa bu fínígà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi pépà pH wò ó. Ẹ má lo ọsàn wẹ́wẹ́: omi rẹ̀ ń so mọ́ òjé, kì í jẹ́ kí olú rí i gbà. Omi bátìrì àlòkù ńkọ́? Rárá o, òjé wà nínú òun fúnra rẹ̀! Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, lẹ́yìn tí omi bá ti wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ mélòó kan, torí haidirosọ́fáìtì, ìyẹn kẹ́míkà tí a fi ń po aró, tó bá kù nínú rẹ̀ máa ń yọ gáàsì tó ń ta ọ̀fun bí nǹkan kíkan bá kàn án.

Ẹ da olú tí ẹ gún náà sí i, ẹ rò ó fún wákàtí méjì, ẹ tún wo pH rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ. Gíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ bá sẹ́ ẹ láàárín, sàn ju 100 lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ gbé omi náà padà fún àyẹ̀wò. Àwọ̀ aró lè ṣá kí òjé ṣì wà níbẹ̀.

Òjé náà ò parẹ́ o, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló kó sí. Ẹ má fi ṣe ajílẹ̀, ẹ má fún ewúrẹ́ jẹ, ẹ má sì dáná sun ún. Inú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí ni kó wà, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára.