Èsì: Téèyàn bá se omi òkun, ṣé iyọ̀ ẹ̀ á kúrò?
Rárá o, bọ̀dá mi. Tẹ́ ẹ bá sè é lásán, ńṣe ni iyọ̀ ẹ̀ á tún le sí i, torí omi ló ń bá oru lọ, iyọ̀ jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò. Oru yẹn gan-an lẹ máa mú: ẹ gbé abọ́ kékeré sáàárín ìkòkò, kí omi má kún wọnú ẹ̀ o, ẹ wá dojú ọmọrí dé kí orí ẹ̀ kọjú sí abọ́, èyí tó bá kán síbẹ̀ ló ṣeé mu. Àmọ́ gáàsì tó máa jó, hàà! Saudi táwọn alhaji wa ń lọ, ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, wọ́n á fagbára ti omi gba inú asẹ́ tí iyọ̀ ò lè kọjá. Tiwa n'Ílọrin, omi odò Asà ò kúkú níyọ̀, torí kòkòrò àìsàn la ṣe ń sè é.