Èrò kan fún nóòtì kan: ibo ló yẹ kẹ́ ẹ ti gé e?

Ẹ béèrè bí nóòtì kan ṣe yẹ kó kéré tó, àti ìdí tí ẹ kì í fi rí àwọn nóòtì yín lò mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ wọ́n. Ìbéèrè méjèèjì, ọ̀kan náà ni.

Ẹ má fi iye ọ̀rọ̀ pààlà. Nóòtì ìlà mẹ́ta lè gbé èrò méjì, èyí tó kún ojú ìwé kan sì lè jẹ́ èrò kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti ń kọjá nǹkan bí 200 ọ̀rọ̀, ẹ tún un kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, èrò kejì ti yọ́ wọlé síbẹ̀.

Àkọlé lẹ máa fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ odindi gbólóhùn, ohun tí èèyàn lè gbà tàbí kó jiyàn rẹ̀. “Omi àti yìnyín” kì í ṣe àkọlé, orúkọ fódà nìyẹn. “Omi máa ń fẹ̀ tó bá di yìnyín” ni àkọlé. Tí ẹ ò bá rí gbólóhùn kan tó kó gbogbo nóòtì náà pọ̀, a jẹ́ pé èrò ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, tàbí pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé yín délẹ̀. Bí “àti” bá já sí àárín àkọlé, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti gé e.

Ẹ jẹ́ ká lo ọ̀rọ̀ omi yìí náà. Ká ní ẹ kà pé ní nǹkan bíi 4°C ni omi ti máa ń wúwo jù, pé tó bá dì, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 fẹ̀ sí i, àti pé láti òkè ni adágún ti ń dì. Ó máa wù yín láti kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta, torí ọ̀nà wọn ò jọra. Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ máa so mọ́ páìpù tó bẹ́ nígbà òtútù àti ìgò tó fọ́ nínú fírísà. Ọ̀rọ̀ adágún máa lọ bá ti ẹja tó ń yè lábẹ́ yìnyín. Tí wọ́n bá wà pọ̀, líǹkì (ìtọ́kasí tó ń gbé yín láti nóòtì kan lọ sí òmíràn) tó bá ti ọ̀dọ̀ páìpù wá á já yín sáàárín ẹja, ẹ ó sì tún máa wá ohun tó gbé yín débẹ̀. Báyìí ni ọ̀kan nínú wọn ṣe máa rí (ohun tó wà nínú [[ ]] ni líǹkì sí nóòtì mìíràn):

Láti òkè ni adágún ti máa ń dì
Omi tó wà ní 4°C ló wúwo jù, òun ló ń wà nísàlẹ̀. Èyí tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fúyẹ́, ó ń dúró lókè, òkè ló sì ti ń dì. Yìnyín náà kì í jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ tètè sá lọ.
Ibi tó ti wá: orúkọ ìwé, ojú ìwé.
Wo [[Omi máa ń wúwo jù ní 4°C]], torí òun ló fà á tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀.

“Torí” tó wà lẹ́yìn líǹkì yẹn ṣe pàtàkì ju líǹkì fúnra rẹ̀ lọ. Líǹkì tí kò ní ìdí, tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ rí tẹ́ ẹ fi so wọ́n pọ̀. Líǹkì méjì tó ní ìdí sàn ju mẹ́wàá tí kò ní lọ. Táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àmì tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ nóòtì, ò lè rọ́pò rẹ̀: ohun tó ń sọ ò ju pé nóòtì méjì jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ pa ìwé dé kẹ́ ẹ tó kọ nóòtì. Ẹ̀dà tí èèyàn kàn dà látinú ìwé ló ń pa àkójọ jù, torí kò sí èrò yín kankan nínú rẹ̀ tó lè so mọ́ òmíràn. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ lo ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé gan-an, ẹ fi àmì àyọlò sí i, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó túmọ̀ sí lójú yín sábẹ́ rẹ̀.

Gígé náà ní ààlà o. Bí nóòtì kan ò bá yéni àfi kéèyàn ṣí òmíràn, ẹ ti gé e jù. Ẹ̀rí, àpẹẹrẹ àti ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ èrò tí wọ́n ń tì lẹ́yìn ni kí wọ́n wà.

Niklas Luhmann, onímọ̀ àwùjọ ará Jámánì, kọ nóòtì sórí nǹkan bí 90,000 káàdì oníwèé. Nọ́ńbà ló ń fún wọn, bíi 21/3a, kí káàdì tuntun lè wọ àárín láìṣí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ nípò. Lórí kọ̀ǹpútà, Obsidian, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń kọ nóòtì, lè tún líǹkì ṣe fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ àkọlé nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú fódà lẹ ti yí orúkọ fáìlì padà, líǹkì á já.

Ní ti àwọn nóòtì gígùn tẹ́ ẹ ti kó jọ, ẹ má jókòó pín gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa sú yín. Èyí tí iṣẹ́ bá gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pín. Ẹ má pa ògbólógbòó náà rẹ́: ẹ yọ àwọn èrò inú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi líǹkì wọn rọ́pò wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kó di ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ ó máa gbà wọlé sí ọ̀rọ̀ náà.