Èsì: Àwọn nọ́ọ̀sì kì í pẹ́ ní abúlé wa

Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé àdéhùn tí ẹ fẹ́ fi de àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín kò ní dá wọn dúró. Abúlé yẹn gan-an ni kí ẹ ti mú ọmọ, kí ẹ rán an lọ kọ́ṣẹ́, kó padà wá ṣiṣẹ́ nílé.

Ohun tí Etiópíà bẹ̀rẹ̀ ní 2003 nìyẹn: wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin láti àdúgbò wọn, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ìlera fún ọdún kan, ìjọba sì ń san owó oṣù wọn.

Àmọ́ bí owó oṣù bá ń pẹ́, tàbí tí kò sí ìgbéga, ọmọ abúlé náà á lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ilé òṣìṣẹ́ ṣe pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbẹ̀bí lóru nílò omi àti iná.