Èrè wo ló wà nínú kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà máa ya máàpù ilẹ̀ wọn fúnra wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Winnipeg ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ lórí máàpù orí kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n fẹ́ kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú wọn ní máàpù yíyà. Ṣé ará ìlú ń jèrè níbẹ̀ lóòótọ́? Ṣebí satẹláìtì ti ya gbogbo ayé tán.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wọ́n ń jèrè gan-an ni. Satẹláìtì á fi odò àti igi hàn ọ́, àmọ́ kò mọ ẹni tó ń ṣọdẹ níbẹ̀, kò sì mọ ibi tí wọ́n sin bàbá ẹnikẹ́ni sí. Ohun tí kóòtù sì ń béèrè nínú ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn.

Ní 1991, adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ British Columbia da ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn Gitxsan àti Wet'suwet'en, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ méjì níbẹ̀, nù, kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìtàn ẹnu àwọn àgbà wọn sí. Ní 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ẹnu náà jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ apá àríwá Kánádà, ti ń ya máàpù ilẹ̀ wọn bọ̀ ṣáájú ìyẹn: láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọdẹ wọn fa ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ láti kékeré sórí máàpù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó ti àdéhùn ilẹ̀ tí wọ́n bá ìjọba ṣe ní 1993 lẹ́yìn, èyí tó bí Nunavut, agbègbè ìjọba tuntun ní àríwá, ní 1999.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọn á tẹ́ máàpù ńlá sórí tábìlì. Ìyá àgbà á na ìka sí etí adágún kan, á ní ibẹ̀ ni òun àti ọkọ òun ti pa moose, ẹran igbó ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín. Ọ̀dọ́ tó ń ya máàpù á fi àmì síbẹ̀, á béèrè ìgbà wo nínú ọdún ni, ta ló bá wọn lọ. Bó bá jẹ́ àjòjì ló ń béèrè, ìyá á dáhùn, á dákẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó gbọ́ èdè wọn, orúkọ odò kan á fa mẹ́ta mìíràn jáde. Ti ibojì wá yàtọ̀: wọn kì í sábà fi àmì sójú ibẹ̀ gan-an, òbìrìkìtì ńlá ni wọ́n ń fà yí agbègbè náà ká kí olè má baà rí i. Ta ló yẹ kó pinnu bí òbìrìkìtì yẹn ṣe máa tóbi tó? Kì í ṣe ẹni tó ń padà sí Toronto lọ́la.

Ti ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, olùwádìí á ti ìlú ńlá wá, á gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, á kó o lọ. Ará ìlú á wá máa tọrọ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí First Nations, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà tí kì í ṣe Inuit tàbí Métis, gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní OCAP kalẹ̀ ní 1998, pé àwọn ló ni dátà wọn, àwọn ni yóò máa darí rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ tiwọn, dátà àti owó á dúró sílé. Owó náà sì wà: ní 2021, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 iye owó iṣẹ́ tó ń gbé síta gbọ́dọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn kan tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ti gbọ́ òórùn owó náà, wọ́n ń yá orúkọ ọmọ ìbílẹ̀ lò.

Nítorí náà, tí o bá débẹ̀, béèrè ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni dátà bí iṣẹ́ bá parí, àti ẹni tí yóò máa tún máàpù náà ṣe lẹ́yìn tí o bá lọ. Bí wọ́n bá lè dárúkọ ọ̀dọ́ ìlú kan fún ìbéèrè kẹta, gba iṣẹ́ náà.